Apá Dizzy Dean Rọ, Ẹnu Rẹ̀ Kò Rọ

Òkèèrè la ti mú ìtàn ẹni ńlá tiwa wá lọ́tẹ̀ yìí. Dizzy Dean ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, ọmọ Amẹ́ríkà ni, ó sì ti kú láti ọdún 1974. Iṣẹ́ méjì ló sọ ọ́ di olókìkí. Ó kọ́kọ́ fi apá ju bọ́ọ̀lù, nígbà tó yá ó ń fi ẹnu sọ eré lórí redíò àti tẹlifíṣọ̀n. Iṣẹ́ kejì yẹn gan-an ló jẹ́ ká yan ìtàn rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kan àwa tí wọ́n máa ń kọ orúkọ wa sílẹ̀ ní kíláàsì torí pé a sọ Yorùbá. Ó tún kan àwọn tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ torí pé wọ́n pe iṣu ní isu.

Ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 1910 ni wọ́n bí i, ní Lucas, ìletò kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Arkansas, ní gúúsù Amẹ́ríkà. Jay Hanna Dean ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ ó tún máa ń pe ara rẹ̀ ní Jerome Herman. Bí oníròyìn bá bi í pé níbo ni wọ́n ti bí i, ó lè dárúkọ ìlú kan fún ẹni àkọ́kọ́, kó dárúkọ òmíràn fún ẹni kejì, kí kálukú wọn lè rí ìròyìn tirẹ̀ gbé lọ sílé. Ẹ̀yin ọmọ Press Club, ẹ ṣọ́ra fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ o!

Ìyà jẹ wọ́n nílé. Oko olóko ni bàbá rẹ̀ ń dá, ìyá rẹ̀ sì kú nígbà tó ṣì wà ní kékeré. Ibi tí wọ́n bá ti ń wá ẹni tí yóò já òwú ni bàbá náà ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Ọmọ tó ń bá òwú kiri báyìí, níbo ni yóò ti rí ilé ìwé jókòó sí? Ọdún díẹ̀ péré ló lò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó fi lọ ṣe sọ́jà ní Texas, torí pé níbẹ̀ ó dájú pé yóò rí oúnjẹ jẹ, yóò rí bàtà wọ̀. Ibùdó sọ́jà yẹn ni orúkọ Dizzy ti mọ́ ọn lára. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí òòyì ń kọ́. Ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ àti àpárá rẹ̀ ló fà á tí wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé eré béèsìbọ́ọ̀lù díẹ̀ fún ẹni tí kò rí i rí. Ó fara jọ kíríkẹ́ẹ̀tì. Ẹni mẹ́sàn-án ló máa ń wà lórí pápá fún ẹgbẹ́ kan. Ajubọ́ọ̀lù á dúró lórí òkìtì kékeré láàárín pápá, á sì ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le sí ẹnì kan tó mú igi dání. Nǹkan bíi mítà 18 ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Onígi fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù náà jìnnà, kó lè ráàyè sáré yí ibùdó mẹ́rin po. Ajubọ́ọ̀lù ò fẹ́ kó rí i gbá rárá. Tí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù tó tọ́ sí onígi lẹ́ẹ̀mẹta tí kò rí i gbá, ó di kó lọ jókòó. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó bá ní ajubọ́ọ̀lù gidi ti jẹ ìdajì eré kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ajubọ́ọ̀lù gidi ni Dizzy Dean. Ẹgbẹ́ Cardinals ti ìlú St. Louis ló gbà á. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1930, wọ́n gbé e síta fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín àwọn àgbà òṣèré, ó sì na ẹgbẹ́ Pittsburgh ní 3 sí 1. Ní 1932 ló wá dúró síbẹ̀ pátápátá. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1933, ó lé onígi ẹgbẹ́ Chicago Cubs lọ jókòó nígbà 17 nínú eré kan ṣoṣo.

Ọdún 1934 ni òkìkí rẹ̀ kàn dé ibi gbogbo. Àbúrò rẹ̀ Paul, tóun náà jẹ́ ajubọ́ọ̀lù, wá bá a nínú ẹgbẹ́ náà lọ́dún yẹn. Kí sáà eré tó bẹ̀rẹ̀, Dizzy ti ń fọ́nnu kiri pé òun àti àbúrò òun yóò jẹ eré 45. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí sáà parí, Dizzy jẹ 30, Paul jẹ 19. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: 49 ni. Láti ìgbà yẹn títí di òní, kò tíì sí ajubọ́ọ̀lù míì nínú líìgì tí Cardinals wà tó jẹ eré 30 nínú sáà kan.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ẹgbẹ́ wọn bá Brooklyn ṣeré lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Dizzy jù nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n jẹ ẹ́ ní 13 sí òdo. Paul jù nínú ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, kò sì sí ẹnì kankan nínú àwọn Brooklyn tó rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá bó ṣe yẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ká ní òun mọ̀ pé ohun tí Paul fẹ́ ṣe nìyẹn ni, òun náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀.

A kò ní torí pé a fẹ́ràn rẹ̀ ká fi àléébù rẹ̀ pamọ́. Olórí kunkun ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, òun àti Paul kọ̀ láti bá ẹgbẹ́ lọ ṣeré ọ̀rẹ́ ní Detroit. Wọ́n ní kí wọ́n san owó ìtanràn. Inú bí Dizzy, ó fa yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ ya. Nígbà tí onífọ́tò ní òun kò rí i yà, ó tún fa òmíràn ya! Wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé ná, ó sì pàdánù owó kó tó tọrọ àforíjì.

Lóṣù Kẹwàá, Cardinals bá Detroit Tigers wọ ìdíje àṣekágbá tí wọ́n ń pè ní World Series. Eré mẹ́rin ni ẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ jẹ. Nínú eré kẹrin, níbi tí Dizzy ti ń sáré, bọ́ọ̀lù bà á lórí, ó ṣubú lulẹ̀, ó di ilé ìwòsàn. Lọ́jọ́ kejì ó tún jáde wá jù, wọ́n sì na ẹgbẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ní eré keje, tó jẹ́ àṣekẹ́yìn, ó na Detroit ní 11 sí òdo nínú ìlú wọn. Eré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí St. Louis jẹ, ọmọ Dean méjèèjì ló jẹ ẹ́: Dizzy jẹ méjì, Paul jẹ méjì.

Ohun kan wà tó yẹ kí àwa ènìyàn dúdú mọ̀. Láyé ìgbà yẹn, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ aláwọ̀ dúdú ṣeré nínú líìgì ńlá Amẹ́ríkà. Ọdún 1947 ni Jackie Robinson tó já ìdè yẹn. Ṣùgbọ́n tí sáà bá ti parí, Dizzy máa ń kó ẹgbẹ́ jọ láti bá àwọn aláwọ̀ dúdú ṣeré kiri ìlú, ó sì bá Satchel Paige pàdé lórí pápá lọ́pọ̀ ìgbà. Ọkùnrin tó máa ń fọ́nnu yìí ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún aráyé pé Paige ju òun lọ. Òyìnbó tó wá láti gúúsù Amẹ́ríkà nígbà yẹn, tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbangba, kò wọ́pọ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí apá ṣe rọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1937, wọ́n kó àwọn ìràwọ̀ eré náà jọ sí Washington. Earl Averill gbá bọ́ọ̀lù tí Dizzy jù sí i, bọ́ọ̀lù náà sáré padà wá bí ọta ìbọn, ó sì bà á ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì. Egungun ibẹ̀ sán. Ó yẹ kó sinmi. Kò sinmi tó, ó ti padà sórí pápá kí ẹsẹ̀ tó jinná. Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ òsì yẹn ló máa ń fi balẹ̀ tó bá ju bọ́ọ̀lù. Nítorí ìrora, ó yí bó ṣe ń jù padà, gbogbo wàhálà ara sì wá bọ́ sórí apá. Apá bàjẹ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọmọ ọdún 27 ni nígbà yẹn, kò sì tún ju bọ́ọ̀lù bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ láyé.

Síbẹ̀, ní 1938, Chicago Cubs san 185,000 dọ́là, wọ́n sì fi òṣèré mẹ́ta lé e, kí wọ́n tó rí i rà. Agbára ti tán, ọgbọ́n ló kù. Ó ń ju bọ́ọ̀lù tó lọ́ra láti fi tan àwọn onígi jẹ, ó sì jẹ eré 7, ó pàdánù 1 péré. Nínú World Series ọdún náà, ọgbọ́n yẹn ló fi dá New York Yankees dúró títí eré fi kù díẹ̀ kó parí, kí wọ́n tó borí rẹ̀. Nígbà tó di 1941, ó kúrò lórí pápá. Ọmọ ọdún 31 ni. Eré 150 ló ti jẹ.

Ẹni tí kò kàwé, tí apá tó fi ń jẹun ti bàjẹ́, kí ni yóò ṣe? Ilé iṣẹ́ redíò ní St. Louis pè é lọ́dún 1941 yẹn kan náà pé kó wá máa sọ eré fún àwọn tó wà nílé. Ó gbé ẹnu Arkansas rẹ̀ lọ síbẹ̀ bó ṣe rí. Bí òṣèré bá fi ara yọ́ wọ ibùdó, ó yẹ kó sọ pé ó slid, gẹ́gẹ́ bí ìwé gírámà ti wí. Dizzy á ní ó slud. Tí eré bá sú u, á bẹ̀rẹ̀ ìtàn oko òwú, tàbí kó kọrin. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ó ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wọn, ó sì mọ ohun tó ń sọ. Kí ajubọ́ọ̀lù tó ṣàṣìṣe, Dizzy ti mọ̀ pé apá ti ń rẹ̀ ẹ́, torí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí òun náà.

Inú gbogbo èèyàn kọ́ ló dùn. Ní 1946, àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan ní ìpínlẹ̀ Missouri figbe ta pé ọkùnrin yìí ń ba èdè àwọn ọmọ ilé ìwé jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà di ìròyìn káàkiri orílẹ̀-èdè, àwọn tó ń gbọ́ redíò sì gbèjà rẹ̀. Dizzy kò yí ẹnu rẹ̀ padà, iṣẹ́ sì kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ń bú àwọn ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Browns lórí redíò pé òun lè ṣe jù wọ́n lọ. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà ní kó wá ṣe é ká rí i! Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, ọmọ ọdún 37 yìí bọ́ sórí pápá. Ó jù fún abala mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án, ẹgbẹ́ kejì kò rí àmì kankan gbà, òun fúnra rẹ̀ tún gbá bọ́ọ̀lù kan dáadáa. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ fà, ló bá padà sídìí redíò rẹ̀.

Ní 1953, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ilé ọlá àwọn àgbà òṣèré béèsìbọ́ọ̀lù. Ọdún yẹn kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí sọ eré ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ABC. Ní 1955 ó bọ́ sí CBS, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1965. Ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n kọ́kọ́ tàn ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, Dizzy ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1974 ni ọkàn rẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní ìlú Reno. Wọ́n sin ín sí Bond ní Mississippi, ìlú Pat ìyàwó rẹ̀.

Ta ló wá jàre, Dizzy ni àbí àwọn olùkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Ẹni tó bá kọ slud sínú ìdánwò WAEC yóò gba òdo, olùkọ́ tó bá sì kìlọ̀ fún un kò ṣẹ̀ ẹ́. Àmọ́ èdè ìdánwò kọ́ nìkan ni èdè. Àwa ń rò pé bákan náà ni gbogbo òyìnbó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ láti 1855 tí Bowen ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn oníwàásù Baptist láti gúúsù Amẹ́ríkà ti ń bọ̀ síbẹ̀, àwọn náà sì ní ohùn ilé tiwọn. Ní Ìbàdàn lónìí, redíò Amúlùdùn ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn sì ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ àti nínú mọ́tò láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sẹ́ni tó ń pe àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní òpè.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀bẹ̀ kan la ní, a sì fi ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ bẹ̀ yín. Tí a bá ń ṣe inter-house sports, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fi Gẹ̀ẹ́sì sọ eré, kí ẹnì kejì gba ẹ̀rọ kó fi Yorùbá sọ ọ́, kí àwọn ìyá wa tó bá wá wòran lè gbọ́ nígbà tí wọ́n bá dárúkọ ọmọ wọn. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹni tó bá mọ̀ pé òun lè ṣe é, tó sì mọ òfin eré dáadáa, kó wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Press Club. Ẹni tó ń pe iṣu ní isu náà lè wá.