Rudolf Harbig, Akọni Eré Ìje

Ọmọ ìka kò dọ́gba; bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni agbára àwọn eléré ìje kò rí bákan náà. Ẹnì kan a máa sáré bí àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ rẹ̀ ẹ́; ẹlòmíràn a máa fara da ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá. Ẹni tí yóò sá 800 mítà kò gbọdọ̀ ṣe aláìní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Rudolf Harbig, ará Jámánì, wà lára àwọn tí ó fi èyí han aráyé.

Ìlú Dresden ni a bí i sí ní ọdún 1913. Ní ọdún 1934 ni Woldemar Gerschler, olùkọ́ eré ìje, rí i, ó sì mú un lọ́mọ ẹ̀kọ́. Gerschler kì í ṣe aránṣọ tí ń gé aṣọ kan náà fún gbogbo ènìyàn. Nígbà tí ó rí i pé ẹsẹ̀ Harbig yá, ìfaradà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí fi kún un: a ní kí ó sá ìwọ̀n kúkúrú kan, kí ó sinmi díẹ̀, kí ó sì tún un sá lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn náà, Gerschler àti dókítà Herbert Reindell fi ìlù ọkàn ṣe òṣùwọ̀n. Bí ọkàn bá lù tó 180 ní ìṣẹ́jú kan, eléré yóò sinmi títí yóò fi padà sí 120. Bí ìsinmi náà bá ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ, iṣẹ́ ti wúwo jù fún un nìyẹn. Báyìí ni ọkàn olúkúlùkù ṣe di onídàájọ́ rẹ̀.

Èrè iṣẹ́ Harbig kò tètè yọ. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì Berlin ní ọdún 1936, a já a sílẹ̀ ní ìpele àkọ́kọ́ 800 mítà. Síbẹ̀ kò sọ ìrètí nù. Ní ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 1939, ní ìlú Milan, Mario Lanzi ará Ítálì ni ó ṣíwájú, Harbig sì ń tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí. Nígbà tí òpin kù díẹ̀, ó ya Lanzi sílẹ̀, ó sì parí eré náà ní ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 46.6. Ẹnikẹ́ni kò tíì sá a bẹ́ẹ̀ rí. Kò pé oṣù kan tí ó tún sá 400 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 46.0 ní Frankfurt, èyí tí ó tún ta gbogbo ayé yọ.

Ó mà ṣe o! Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà ni ogun bẹ́ sílẹ̀. A kò ṣe ìdíje Òlíḿpíìkì ní ọdún 1940, bẹ́ẹ̀ ni a kò ṣe é ní 1944. Harbig di ọmọ ogun, ó sì kú sójú ogun ní Ukraine ní oṣù kẹta ọdún 1944, ní ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìndínlógún ni àmì eré 800 mítà rẹ̀ fi dúró kí Roger Moens ará Bẹ́ljíọ̀mù tó rékọjá rẹ̀ ní ọdún 1955.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni ìgbésí ayé rẹ̀ jẹ́ fún wa: ẹni tí ó bá mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, tí ó sì fi sùúrù ṣiṣẹ́ lórí ibi tí ó kù sí, yóò dé ibi tí a kò rò.