Daniel O'Connell, aṣòfin tí wọn kò jẹ́ kí ó jókòó

Ní ìwọ̀-oòrùn Írẹ́lándì, erékùṣù kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, agbègbè kan wà tó ń jẹ́ Clare. Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ànàmọ́ òyìnbó ni wọ́n ń gbìn tí wọ́n ń jẹ. Ilẹ̀ tí wọ́n ń ro kì í ṣe tiwọn. Ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́lá ni wọ́n ti gbà á, wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀. Láti ọdún 1801 títí di ọdún 1885, Clare jẹ́ ẹkùn ìdìbò kan ṣoṣo tó ń rán aṣòfin méjì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹkùn náà kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n ìdìbò kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 1828 kò kúrò nínú ìtàn, nítorí ọkùnrin tó wọlé nínú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Daniel O'Connell.

Ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1775 ni wọ́n bí i, ní agbègbè Kerry. Nígbà tó wà ní ọmọ ọwọ́, wọ́n gbé e fún ìdílé àgbẹ̀ kan láti tọ́, èdè Írẹ́lándì ni ó sì kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Maurice, mú un sọ́dọ̀ ní Derrynane, létí òkun. Maurice kò bí ọmọ, ó sì lówó. Òwò fàyàwọ́ wà lára ohun tó fi là. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí bodè kò ní béèrè ohun tí fàyàwọ́ jẹ́.

Ìdílé O'Connell kì í ṣe tálákà, ṣùgbọ́n Kátólíìkì ni wọ́n. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ó kọ Póòpù sílẹ̀, ti fi òfin lórí òfin de àwọn Kátólíìkì Írẹ́lándì. Nítorí náà, ilẹ̀ Faransé ni Maurice rán Daniel àti àbúrò rẹ̀ lọ láti kàwé ní ọdún 1791, ní Saint-Omer àti lẹ́yìn náà ní Douai. Rògbòdìyàn ńlá ti bẹ̀rẹ̀ ní Faransé nígbà náà. Àwọn ọmọ méjèèjì sá kúrò níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1793, oṣù kan náà tí wọ́n bẹ́ orí ọba Louis kẹrìndínlógún. Láti ìgbà náà lọ, O'Connell kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàjẹ̀sílẹ̀ wá òmìnira.

Ó kọ́ nípa òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di agbẹjọ́rò ní Dublin ní ọdún 1798. Ẹnu rẹ̀ mú, ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀. Ní ọdún 1802, ó fẹ́ Mary, ìbátan rẹ̀ kan tó jìnnà díẹ̀, ní ìkọ̀kọ̀, nítorí pé ọmọbìnrin náà kò ní owó kankan. Nígbà tí Maurice gbọ́, inú bí i gan-an, ogún tí O'Connell ń retí sì dín kù.

Ohun kan wà tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ó fi kú. Ní ọdún 1815, ó bú àwọn ìgbìmọ̀ ìlú Dublin. Ọ̀kan nínú wọn, D'Esterre, pè é níjà ìbọn, bí àwọn ọlọ́lá ti máa ń ṣe láyé ìgbà náà. Ìbọn O'Connell ba ọkùnrin náà, ó sì kú. O'Connell kábàámọ̀. Ọdọọdún ni ó ń fi owó ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin olóògbé náà, kò sì dáwọ́ dúró fún ọdún tó ju 30 lọ.

Ní ọdún 1823, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn Kátólíìkì sílẹ̀. Ní ọdún kejì, ó rí ọgbọ́n kan dá: kí tálákà náà lè wọ ẹgbẹ́, pẹ́nì kan lóṣù ni wọn yóò máa san. Pẹ́nì méjìlá ló wà nínú ṣílè kan, 20 ṣílè ló sì wà nínú pọ́n-ùn kan. Owó kékeré gbáà ni. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń gbà á. Kì í ṣe èésú, nítorí kò sí ẹni tí yóò kó o lọ sílé. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó bá ti san pẹ́nì rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà kàn án.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ìdìbò ṣe rí nígbà náà. Láti ọdún 1793, Kátólíìkì lè dìbò, bí ilẹ̀ tó ń ro bá ń mú èrè 40 ṣílè wá fún un lọ́dún lẹ́yìn ìṣákọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè jókòó nílé aṣòfin. Kí aṣòfin tó jókòó, ó gbọ́dọ̀ búra, ìbúra náà sì sọ pé ìbọ̀rìṣà ni ìsìn àwọn Kátólíìkì. Kátólíìkì wo ni yóò sọ bẹ́ẹ̀? Ohun mìíràn tún wà. Kò tíì sí ìdìbò ìkọ̀kọ̀. Ní gbangba ni olúkúlùkù ń fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ẹni tó fẹ́, akọ̀wé á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Aṣojú onílẹ̀ á dúró níbẹ̀, á máa gbọ́. Àgbẹ̀ tó bá dárúkọ ẹlòmíràn lè padà dé ilé kí wọ́n lé òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀. Nítorí èyí, bí ẹni da màlúù ni àwọn onílẹ̀ ṣe ń da àwọn àgbẹ̀ wọn lọ síbi ìdìbò.

Ní ọdún 1828, olórí ìjọba, Wellington, fi Vesey Fitzgerald, aṣòfin Clare, ṣe mínísítà. Òfin ìgbà náà sọ pé aṣòfin tó bá di mínísítà gbọ́dọ̀ padà lọ bẹ ìbò àwọn èèyàn rẹ̀. Fitzgerald kì í ṣe ènìyàn burúkú. Onílẹ̀ tí àwọn èèyàn fẹ́ràn ni, ó sì ti dìbò nílé aṣòfin pé kí wọ́n tú àwọn Kátólíìkì sílẹ̀. Ẹgbẹ́ wá ẹni tí yóò bá a díje, wọn kò tètè rí i. Ni O'Connell bá ní òun fúnra òun yóò jáde. Agbẹjọ́rò ni, ó mọ ibi tí òfin ti ṣí ojú sílẹ̀: òfin sọ pé Kátólíìkì kò gbọdọ̀ jókòó láìbúra, ṣùgbọ́n kò sọ pé kò gbọdọ̀ díje.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, àwọn àgbẹ̀ Clare wọ ìlú Ennis, níbi tí ìdìbò ti ń wáyé. Wọ́n ti ọ̀nà jíjìn rìn wá, àwọn àlùfáà wọn ń ṣáájú wọn. Ẹgbẹ́ ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu ọtí, kò sì gbọdọ̀ jà, kí ìjọba má bàa rí àwáwí tí yóò fi rán àwọn ọmọ ogun sí wọn. Wọ́n gbọ́ràn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ síwájú akọ̀wé, lójú àwọn onílẹ̀ wọn, tí wọ́n ń dárúkọ O'Connell. Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi dìbò. Nígbà tí wọ́n kà á, O'Connell ní 2,057, Fitzgerald ní 982.

Ìjọba wá wà láàárín omi àti iná. Bí wọn kò bá gba O'Connell, irú Clare yóò máa ṣẹlẹ̀ káàkiri Írẹ́lándì, ó sì lè di ogun. Wellington kò fẹ́ ogun. Ọba George kẹrin kọ̀ títí kó tó gbà. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1829, òfin tuntun jáde: Kátólíìkì lè jókòó nílé aṣòfin.

Ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀gún sí i. Òfin náà kò kan ẹni tí wọ́n ti yàn ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí O'Connell dé ilé aṣòfin ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún, ìbúra àtijọ́ ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ó kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí ó padà lọ tún ìdìbò ṣe. Ó padà sí Clare, kò sí ẹni tó bá a díje mọ́, wọ́n sì tún yàn án ní oṣù keje.

Èyí tó burú jù ni pé òfin kejì bá ti àkọ́kọ́ jáde. Ó gba ìbò lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ olóókọ́ ṣílè méjìdínlógójì-lé-méjì, ìyẹn 40 ṣílè; ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ń mú pọ́n-ùn 10 wá lọ́dún nìkan ni yóò máa dìbò. Kí òfin yìí tó dé, nǹkan bí 216,000 ènìyàn ló ń dìbò ní àwọn ẹkùn ìgbèríko Írẹ́lándì. Lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan bí 37,000 ló kù. Àwọn tó fi ilé àti oko wọn wewu nítorí O'Connell ní Ennis, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ìbò kankan dì mọ́. O'Connell sọ̀rọ̀ tako òfin náà, ṣùgbọ́n kò tìtorí rẹ̀ kọ èyí tó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Bóyá kò sí agbára tó lè fi dá a dúró. Síbẹ̀, gbèsè ni, òun ni wọ́n sì jẹ́ ẹ nítorí rẹ̀.

Ó fi Clare sílẹ̀ ní ọdún 1830, ó lọ ṣe aṣòfin fún àwọn ẹkùn mìíràn. Ó bá wọn gbógun ti òwò ẹrú, ó sì ti òfin ọdún 1833 lẹ́yìn, èyí tó tú àwọn ẹrú sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Kò gba owó lọ́wọ́ àwọn olówó ẹrú Amẹ́ríkà, bí ẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ nílò owó. Frederick Douglass, adúláwọ̀ tó sá kúrò lóko ẹrú ní Amẹ́ríkà, lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Dublin ní ọdún 1845.

Ní ọdún 1843, ó ń kó ogunlọ́gọ̀ ènìyàn jọ kí Írẹ́lándì lè ní ilé aṣòfin tirẹ̀ padà. Ìjọba fi òfin de ìpàdé Clontarf, ó sì rán ọmọ ogun síbẹ̀. O'Connell ní kí àwọn èèyàn padà sílé. Àwọn ọ̀dọ́ kan kò dárí èyí jì í. Síbẹ̀ náà, wọ́n fi í sẹ́wọ̀n fún oṣù díẹ̀ ní ọdún 1844. Ní ọdún kejì, àrùn kọlu ànàmọ́ òyìnbó lóko, ìyàn mú, àwọn àgbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ nígbà tó lọ bẹ ilé aṣòfin fún wọn nígbà ìkẹyìn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1847. Ohùn tó máa ń kún pápá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde mọ́.

Ó kọrí sí Róòmù, kò dé ibẹ̀. Ó kú ní Genoa, ní ilẹ̀ Ítálì, ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 1847. Wọ́n gbé ọkàn rẹ̀ lọ sí Róòmù, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ padà sí Dublin.

Ìdìbò ìkọ̀kọ̀ dé Clare lẹ́yìn òfin ọdún 1872. Ní ọdún 1885, wọ́n pín ẹkùn náà sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Ní Ennis, ọwọ̀n òkúta gíga kan dúró láàárín ìlú, ère O'Connell sì wà lórí rẹ̀.