Bí Wọ́n Ṣe Tilẹ̀kùn Èbúté Èkó Mọ́ Ẹfúnróyè Tinúbú

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń fi ọjà ránṣẹ́ sókè òkun láti Ọba Akran, Ògbà tàbí Agége pé kí ló ń bà á lẹ́rù jù. Kò ní kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀wọ̀n. Ìwé àṣẹ ni yóò dárúkọ. Bí NEPC bá yọ orúkọ rẹ̀, tí báǹkì ò bá gba fọ́ọ̀mù NXP lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ lè máa pariwo nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọjà yẹn ò ní kọjá Àpápá. Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ yìí, tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣòwò níbí, ló gbé mi dé ìdí ìtàn Madam Tinúbú.

Lóṣù Kẹwàá 2010, àwọn agbófinró tú kọ̀ntéénà 13 ní Àpápá. Ohun èlò ìkọ́lé ni wọ́n kọ sínú ìwé ẹrù náà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì, bọ́ǹbù àti ọta ìbọn ni wọ́n bá níbẹ̀. Ìráànì ló ti wá, wọ́n sì ti ń ṣètò láti tún kó o láti Èkó lọ sí Gambia kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ní 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ l'Ékòó rán ọmọ Ìráànì kan àti ọmọ Nàìjíríà kan lẹ́wọ̀n ọdún 5. Ohun yòówù kẹ́ ẹ rò nípa wọn, wọ́n rí adájọ́, wọ́n rí lọ́yà, wọ́n sì ka ẹ̀sùn sí wọn létí. Ẹfúnróyè Tinúbú, tí èbúté Èkó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1856, kò rí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni, nǹkan bí 1810 ni wọ́n bí i. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ lówò. Ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kú, ó fi ọmọkùnrin méjì sílẹ̀ fún un. Ní 1833 ó fẹ́ Adélé, ọba Èkó tí wọ́n ti lé kúrò lórí oyè, ó sì bá a lọ sí Àgbádárìgì. Ibẹ̀ làwọn ọmọ méjèèjì kú sí.

Obìnrin náà ò torí ìyẹn jókòó. Tábà àti iyọ̀ ló ń tà, kò sì pẹ́ tó fi bọ́ sídìí ẹrú. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ ká máa fo ibí yìí, pàápàá tá a bá ń sọ ìtàn akọni obìnrin fáwọn ọmọ wa. Mi ò ní fò ó. Èèyàn ni wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ ojú omi nígbà yẹn. Tábà, ọtí, aṣọ, ìbọn àti ètù ni wọ́n ń gbà padà. Ìbọn náà á gbéra, ó di òkè. Wọ́n á fi jagun. Ogun yẹn á mú ẹrú mìíràn wá sétí òkun. Ẹni tó bá mọ ọlọ́kọ̀ létí omi, tó tún mọ olórí ogun lókè, á jẹ níwá, á jẹ lẹ́yìn. Tinúbú mọ àwọn méjèèjì.

Wọ́n pe Adélé padà sí Èkó ní 1835, ó sì wàjà ní 1837. Olúwọlé ló jọba tẹ̀ lé e, Tinúbú sì fẹ́ Yésúfù Badà, ọ̀kan lára àwọn jagunjagun ọba náà. Ẹ gbọ́ bí Olúwọlé ṣe lọ ní 1841, ẹ jọ̀ọ́: àrá sán lu ààfin, iná ran ètù ìbọn tí wọ́n tò jọ síbẹ̀, ó sì fọ́ ọba wẹ́wẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n fi dá a mọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ fojú inú wo bí ètù ṣe pọ̀ tó l'Ékòó, tó fi jẹ́ pé abẹ́ òrùlé kan náà lòun àti ọba jọ ń sùn.

Akítóyè gorí oyè, Kòsọ́kọ́ lé e kúrò ní 1845, Tinúbú tún bá wọn dé Àgbádárìgì. Níbẹ̀ ni Akítóyè ti wá ìrànlọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìparí oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun wọn fi àgbá lu Èkó títí Kòsọ́kọ́ fi sá. Ogun Àgídìngbì làwọn ará Èkó pè é, bí ohùn àgbá yẹn ṣe ń dún létí wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Àgídìngbì nítòsí Cadbury, orúkọ kan náà lẹ̀ ń pè lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ kìíní ọdún 1852, Akítóyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé wọn ò ní kó ẹrú jáde láti Èkó mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹrú ni ìwé náà kà léèwọ̀, kì í ṣe ìbọn. Àwọn òyìnbó oníṣòwò fúnra wọn ń kó ìbọn àti ètù wọlé, wọ́n ń tà á, ẹnikẹ́ni ò sì pe ìyẹn ní ẹ̀ṣẹ̀.

Akítóyè ò gbàgbé ẹni tó bá a jìyà. Ó fún Tinúbú láyè láti ṣòwò bó ṣe wù ú, orúkọ obìnrin náà sì mọ́ ilẹ̀ tó wà títí dòní. Ìta Tinúbú ni Báǹkì Àpapọ̀ kọ́ ilé rẹ̀ sí l'Ékòó, báǹkì tó ni fọ́ọ̀mù NXP tí mo sọ lókè yẹn.

Báwo ni òwò náà ṣe ń rìn? Àwìn ni. Òyìnbó á gbé aṣọ, tábà àti ìbọn fún ọ láìgba kọ́bọ̀. Ìwọ á rán an lọ sókè, epo pupa á máa bọ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wàá fi epo san gbèsè, wàá sì tún gba òmíràn. Gbogbo rẹ̀ dúró lórí kí o wà létí omi. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ lójijì, epo tó ń bọ̀ lọ́nà á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, àmọ́ gbèsè ṣì ń jẹ́ orúkọ tìẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé fún oníṣòwò, ọ̀ràn èbúté lè burú ju ẹ̀wọ̀n lọ. Ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n lè jáde kó bá oníbàárà rẹ̀.

Benjamin Campbell dé gẹ́gẹ́ bíi kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì ní 1853. Ọdún yẹn náà ni Akítóyè wàjà, tí Dòsùmú ọmọ rẹ̀ jọba. Ọ̀rọ̀ Campbell àti Tinúbú ò wọ̀ rárá. Ó fẹ̀sùn kàn án pé ó ṣì ń ta ẹrú ní kọ̀rọ̀, pé ó jẹ àwọn òyìnbó ní gbèsè, pé òun gan-an ló ń jọba tí Dòsùmú kàn ń dé adé. Wọ́n tún ní ó ń tako àwọn Sàró àti Àgùdà tí wọ́n ń ti òkè òkun darí wálé. Mo gbà pé òtítọ́ wà níbẹ̀ dáadáa. Àwọn Sàró mọ̀wé, wọ́n lè bá òyìnbó ṣe tààrà, èyí sì túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ò nílò alárinà tó ń jẹ́ Tinúbú mọ́. Inú ta ni ò ní bí?

Ṣùgbọ́n ẹ wo Kòsọ́kọ́. Ọkùnrin tí àgbá lé kúrò lórí oyè, tí òun náà ta ẹrú títí. Lóṣù Kẹsàn-án 1854, Campbell kan náà bá a ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́: kó má ta ẹrú mọ́, kó má fojú sí Èkó, wọ́n á sì gbà pé òun ló ni èbúté Palma, lápá Lẹ́kí. Ọ̀tá tí wọ́n bá jagun, wọ́n fún un ní èbúté. Tinúbú tó wà lẹ́yìn ọba tí wọ́n gbé sórí oyè, wọ́n gba tọwọ́ rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ẹrú nìkan kọ́ nìyẹn. Campbell mọ̀ pé ẹni tó bá di kọ́kọ́rọ́ etí omi mú ló ni ìlú, kò sì fẹ́ kó wà lọ́wọ́ obìnrin tí kò lè darí.

Lóṣù Karùn-ún 1856, Dòsùmú lé Tinúbú kúrò l'Ékòó. Kò sí ilé ẹjọ́ tó jókòó lé e. Campbell ló ní kí ọba ṣe é, àgbá ọkọ̀ ogun ló wà lẹ́yìn Campbell, ọba náà sì rántí ohun tí àgbá yẹn ti ṣe. Ó gba Abẹ́òkúta lọ.

Ohun tó ṣe níbẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Obìnrin tó ti lé lógójì, tó pàdánù etí omi, tún ọjà rẹ̀ tò láti ẹ̀yìn. Tẹ́lẹ̀, òun ló ń rán ìbọn lọ sókè. Ní báyìí, òkè ló jókòó sí, òun ni ìbọn wá ń bá. Odò Ògùn tó gba Ìṣẹrì kọjá, lẹ́yìn Òjòdú níhìn-ín, ni ọkọ̀ ọlọ́pọ́n máa ń gbà dé Àró l'Ábẹ́òkúta, kò sì sí kọ́ńsù kankan tó lè ní kí Ẹ̀gbá má ra ètù, torí Dàhòmì wà lẹ́nu ọ̀nà. Campbell kú ní 1859, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó pátápátá ní 1861, Tinúbú ń ṣòwò lọ.

Àwọn Ẹ̀gbá náà mọ bí wọ́n ṣe ń dí ọ̀nà mọ́ èèyàn, ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ni. Nígbà ogun Ìjàyè tó bẹ̀rẹ̀ ní 1860, àwọn àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà etíkun pa kí ètù má baà dé Ìbàdàn. Kò sí adájọ́ nínú ìyẹn náà.

Lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹta 1864, ọmọ ogun Glẹlẹ ọba Dàhòmì kọlu odi Abẹ́òkúta, Ẹ̀gbá sì ṣẹ́gun wọn. Tinúbú wà lára àwọn tó pèsè ìbọn àti ètù fáwọn jagunjagun. Lọ́dún yẹn ni wọ́n fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Wọ́n lé e l'Ékòó, wọ́n fi oyè dá a lọ́lá l'Ábẹ́òkúta, irú ọjà kan náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nílùú méjèèjì. Tí Dàhòmì bá wọlé lọ́jọ́ yẹn, ẹrú ni wọn ì bá kó àwọn èèyàn Abẹ́òkúta lọ, irú ẹrú tí òun fúnra rẹ̀ ti tà rí. Mi ò rí bí mo ṣe lè fa ọ̀kan yọ nínú èkejì, mo sì máa ń bínú sáwọn tó bá yọ ọ́, yálà wọ́n fẹ́ fi Tinúbú ṣe òrìṣà ni o, tàbí wọ́n fẹ́ fọ́ ère rẹ̀.

Kò fọwọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ oyè títí ọjọ́ fi lọ. Nígbà tí ipò Aláké ṣófo, Oyèékàn ló gbè lẹ́yìn, kì í ṣe Adémọ́lá, Oyèékàn ló sì jọba ní 1879. Abẹ́òkúta ló kú sí ní 1887, Ojókòdó ni wọ́n sin ín sí.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Brussels pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kó ìbọn ìgbàlódé wọ apá ibi tó pọ̀ jù ní Áfíríkà mọ́ láìgbàṣẹ. Wọ́n ṣì fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta àti ètù lásán, ìyẹn irú ọjà tí Tinúbú fi lówó gan-an.