Thomas Percival: Dókítà tó gba àwọn ọmọ iléeṣẹ́ lọ́wọ́ ibà

Ìlú Warrington, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí Thomas Percival lọ́dún 1740. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Edinburgh àti Leiden, kó tó fìdí kalẹ̀ sí Manchester lọ́dún 1767.

Lọ́dún 1784, ibà kan ń ràn bí iná ọyẹ́ níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ran òwú ní Radcliffe, níbi táwọn ọmọdé ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Àwọn adájọ́ àgbègbè Lancashire bẹ Percival àtàwọn dókítà mìíràn láti ṣèwádìí rẹ̀.

Àbọ̀ wọn kò dá lórí oògùn. Wọ́n ní kí wọ́n máa ṣí fèrèsé, kí wọ́n máa fọ ilé ìyàgbẹ́, kí àwọn ọmọ máa wẹ̀. Wọ́n tún ní kí ìsinmi ọ̀sán gùn sí i, kí iṣẹ́ sì tètè máa parí nírọ̀lẹ́, pàápàá fáwọn tí kò tí ì pé ọdún 14.

Ìlera loògùn ọrọ̀: ó yé Robert Peel, ẹni tó ni iléeṣẹ́ náà, nígbẹ̀yìn. Òun ló gbé òfin ọdún 1802 lọ sílé aṣòfin. Òfin náà ní kí ọmọṣẹ́ má ṣiṣẹ́ ju wákàtí 12 lọ lójúmọ́, kí wọ́n máa fi ẹfun kun ògiri lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí ọ̀gá sì sanwó dókítà bí àrùn tó ń ràn bá wọlé.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò náání òfin ọ̀hún, ṣùgbọ́n òun ló la ọ̀nà fáwọn òfin iléeṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Percival jáde láyé ní oṣù kẹjọ ọdún 1804.