Umar Ọmọ Sa'id: Wọ́n Ra Ara, Wọn Kò Ra Inú

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ kéwú wa ní Mọ́kọ́lá ni ó ń jẹ́ orúkọ méjì: èyí tí àáfà sọ wọ́n ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, àti èyí tí wọ́n ń jẹ́ ní ilé ìwé tàbí níbi iṣẹ́. Wọ́n a máa bi wá pé èwo gan-an ni àwọn nínú méjèèjì. Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo ìgbésí ayé Umar ọmọ Sa'id.

Wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún 1770 ní Futa Toro, lẹ́bàá odò Senegal. Ọdún 25 ni ó fi wá ìmọ̀ lọ́dọ̀ àwọn àáfà. Ní ọdún 1807, ogun dé bá ìlú wọn, wọ́n kó o lẹ́rú, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Charleston ní Amẹ́ríkà. Ọwọ́ ìkà ènìyàn ni ó bọ́ sí, ó sì sá. Ní ọdún 1810, wọ́n mú un ní Fayetteville, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, wọ́n tì í mọ́lé. Nínú ẹ̀wọ̀n náà ni ó ti ń kọ Lárúbáwá sára ògiri, ẹnu sì ya àwọn òyìnbó pé ẹrú mọ ìwé tó bẹ́ẹ̀.

James Owen rà á, orúkọ rẹ̀ sì di Moro lẹ́nu wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1821, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, wọ́n sì ń ròyìn rẹ̀ kiri pé ó ti fi Islam sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kọ ìtàn ara rẹ̀ ní ọdún 1831, Súrà Al-Mulk ni ó fi ṣáájú, súrà tí ó fi yé wa pé ti Ọlọ́hun ni gbogbo ìjọba. Ẹ wo ẹni tí wọ́n fi owó rà, tí ó ń kọ̀wé nípa Ẹni tí ó ni ohun gbogbo! Nínú ìwé yẹn kan náà, ó sọ pé òun ń gba àdúrà àwọn Kìrìsìtẹ́nì. Ní ọdún 1857, ó kọ Súrà An-Nasr sí ìwé pélébé kan. Ẹni tí kò gbọ́ Lárúbáwá sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà pé Àdúrà Olúwa ni. Ẹrú ni Umar títí ó fi kú ní ọdún 1864. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni òfin fi òpin sí oko ẹrú jákèjádò Amẹ́ríkà.

Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀. Àwa kò ní jókòó sípò adájọ́. Ikùn ènìyàn jìn, Ọlọ́hun nìkan ni ó mọ ibẹ̀. Ohun tí ó hàn sí wa ni pé wọ́n gba ilé, ìbátan àti orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò rí ohun tí ó ti há sórí gbà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, orúkọ inú ìwé ẹ̀rí kò lè yọ ìgbàgbọ́ kúrò lọ́kàn yín, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ Mùsùlùmí nìkan kò lè fi í síbẹ̀. Ohun tí ẹ bá fi kún inú nígbà tí kò sí ẹni tí ń wò yín ni ẹ̀yin gan-an. Ẹ má sì fi orúkọ díwọ̀n ìgbàgbọ́ ẹlòmíràn.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí inú wa dára ju òde wa lọ. Àmín.