Òṣòdì Tápà àti Ìbọn Àgbá Etí Ọ̀sà

Láti Ojúẹlẹ́gbà dé Yábà, kò sí ọjọ́ tí kọ̀ńdọ́ kì í ké Òṣòdì títí ohùn rẹ̀ yóò fi ha. Kó tó di orúkọ ibùdókọ̀, oyè ni, ọ̀kan lára oyè ìjòyè Ọba Èkó. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ lórí oyè náà kì í ṣe ọmọ Èkó rárá. Ará Nupe ni, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Tápà. Ọmọdé ni nígbà tó di ẹrú ní ilé Ọba Ọ̀sìnlókùn. Ó bá àwọn oníṣòwò Potogí ṣiṣẹ́ títí ó fi gbọ́ èdè wọn.

Ní 1841, ààrá sán lu ẹ̀tù tí wọ́n kó pamọ́ sí ààfin, ó sì pa Ọba Olúwọlé. Akítóyè ni wọ́n fi jọba, kì í ṣe Kòsọ́kọ́ ọmọ Ọ̀sìnlókùn. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ gba ìtẹ́ ní 1845, nínú ogun tí wọ́n ń pè ní Olómirò, Tápà ni ọ̀gá jagunjagun rẹ̀. Akítóyè sá lọ, ó wá bẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé òun yóò fòpin sí òwò ẹrú bí wọ́n bá dá òun padà.

Ibi tí ọgbọ́n Tápà ti hàn nìyí. Ọ̀sà Èkó kò jìn, ọkọ̀ ńlá kò lè rìn ín bó ṣe wù ú. Wọ́n ri òpó igi mọ́ etí omi, wọ́n gbẹ́ yàrà sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì to àgbá síbi tí ọkọ̀ kò ti ní lè yẹra. Wọ́n tún ri igi sínú omi kí ọkọ̀ kékeré má baà gúnlẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù November 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá, wọ́n sì sá padà. Ọ̀gá méjì lára wọn kú.

Ní ọjọ́ 26 oṣù December, wọ́n tún dé. Ọkọ̀ Teazer fi ìdí kanlẹ̀ níwájú àgbá Èkó. Àfi kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gun etíkun lọ kan ìṣó sí ihò àgbá náà kó má lè yìn mọ́. Ó ju èèyàn mẹ́wàá lọ tó kú lára wọn, ó sì lé ní àádọ́rin tó fara gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ojú kan ni àgbá Tápà wà, kò ṣeé yí kiri. Lọ́jọ́ kejì, rọ́kẹ́ẹ̀tì gba orí òpó kọjá, iná ràn mọ́ ilé, ó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀tù, ìlú jó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ 28 tó mọ́, Kòsọ́kọ́ àti Tápà ti kúrò, wọ́n forí lé Ẹ̀pẹ́.

Ìró àgbá yẹn ni àwọn ará Èkó fi sọ ogun náà ní Àgídìngbì (ti Ìkẹjà kọ́ ni mò ń wí o). Kírìjì náà, ìró ìbọn ni. Kíláàsì fonọ́lọ́jì ì bá dùn jù báyìí lọ ká ní irú wọn la fi ń ṣe àpẹẹrẹ.

Lójú tèmi, akin ni Tápà, ṣùgbọ́n òwò ẹrú ló ń bọ́ àgbá yẹn, ẹrú àtijọ́ ló sì ń darí rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kò wá torí ẹrú nìkan. Ní 1861, ọkọ̀ ogun Prometheus kàn dúró sí ọ̀sà ni. Láìyin àgbá sí ìlú, Dòsùnmú tọwọ́ bọ̀wé, Èkó di tiwọn.

Ní 1862, wọ́n gbà kí Kòsọ́kọ́ àti Tápà padà wálé. Ibi tí àwọn tó bá Tápà ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ tẹ̀dó sí ni Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Erékùṣù Èkó. Tápà kú ní 1868. Agbo ilé mọ́kànlélógún ló fi sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn ẹrú rẹ̀ àti àwọn tó tẹ̀lé e ló sì ń gbé inú wọn.