Vivien Thomas, Olùkọ́ Àwọn Oníṣẹ́-abẹ

Káfíńtà ni Vivien Thomas, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí a bí ní ọdún 1910. Ó ń tu owó jọ láti kọ́ ìṣègùn, ṣùgbọ́n báńkì rẹ̀ dẹnukọlẹ̀. Ní 1930 ó di ọmọṣẹ́ Dókítà Blalock. Owó agbálẹ̀ ni wọ́n ń san fún un. Síbẹ̀, òun ni ó dán iṣẹ́ abẹ ọkàn wò lára ajá títí ó fi mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí Blalock ṣe é fún ọmọ kékeré kan ní Baltimore ní 1944, Thomas dúró lórí àpótí lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tọ́ ọ sọ́nà. Lọ́wọ́ ẹni tí kò wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn rí yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́-abẹ ti kọ́ṣẹ́. Ní 1976 ni a tó fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Ó kú ní 1985.